Apá Kejì Tí Kò Rí Nǹkan Sọ: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Fíìmù Tí A Ń Tún Gbé Padà Wá

Ẹni tí ó bá dúró níwájú ilé sinimá kan ní Sùúrùlérè tàbí ní Ìkẹjà lóṣù Kejìlá ọdún, tí ó ka orúkọ àwọn fíìmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, yóò rí i pé púpọ̀ nínú orúkọ náà kì í ṣe àjèjì sí òun. Ọ̀kan jẹ́ apá kejì fíìmù tí a ti wò, òmíràn jẹ́ fíìmù àtijọ́ tí wọ́n fi òṣèré tuntun tún ṣe, òmíràn sì jẹ́ ìwé tí a kà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n wá sọ di àwòrán. Mo fẹ́ràn fíìmù dé ibi pé mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó ronú owó ọkọ̀ tí n ó wọ̀ padà sílé, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Àgbéyẹ̀wò díẹ̀ nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín, ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó sì máa bi gbogbo wọn: kí ni ó ṣẹ́kù tí fíìmù àkọ́kọ́, tàbí ìwé náà, kò tíì sọ? Níbi tí ẹni tí ó ṣe fíìmù náà bá ti ní ìdáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Níbi tí ó bá ti jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó rí gbé, ìjákulẹ̀ ni a máa ń bá lọ sílé, bí aṣọ àwọn òṣèré ti wù kí ó dára tó.

Apá kejì kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, Jáyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980. Àwọn tí wọ́n wo ti àkọ́kọ́ lọ wo èkejì nítorí pé ìjà tí ó wà láàárín Ọ̀ṣẹ́túrá àti àwọn àjẹ́ kì í ṣe ìjà tí ènìyàn lè jà tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí fíìmù wá kúrò ní gbọ̀ngàn, tí ó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, Ìdúmọ̀tà di ojúkò rẹ̀ ní Èkó. Àwọn tí wọ́n ń tà á níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní màkẹ́tà, ni wọ́n ń fi owó sílẹ̀ fún púpọ̀ nínú fíìmù náà, wọ́n sì máa ń lóhùn sí ibi tí ìtàn yóò ti dá dúró. Nígbà tí àwo VCD gbòde, tí àwo kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, ìdí mìíràn tún ti wà láti pín ìtàn kan sí méjì, kí a sì ta ìdajì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá gbé Èkó ní àkókò náà yóò rántí bí wọ́n ṣe máa ń ní kí a máa retí apá kejì, gẹ́lẹ́ níbi tí ìyá ọkọ ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá ìyàwó ilé létí, tí ọwọ́ náà kò sì tíì balẹ̀. Ọwọ́ tí kò tíì balẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ wa. Bí a bá ra apá kejì dé ilé, etí ìyàwó yóò dún, yóò sunkún díẹ̀, àwọn àgbà yóò bá wọn parí ìjà, nígbà tí àwo náà yóò bá fi dé ìdajì, kò ní sí ìtàn mọ́. Àwọn òṣèré yóò wá máa wa mọ́tò lójú wa láti Ìkòròdú títí dé Ọ̀jọ́ta, láìsí ẹni tí ó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, kí àkókò ṣáà lè pé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Apá mẹ́ta ni Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, èmi kò sì tíì pàdé ẹni tí ó wo apá kìíní tí kò wá apá kejì kiri. Kareem Adépọ̀jù, tí a mọ̀ sí Bàbá Wándé, ni Ọ̀tún Àṣíyanbí, ìjòyè tí ó lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tà. Àwọn tí wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀ kú, ó wá ku òun nìkan tí ó ń sá fún ikú kiri. Apá kìíní ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ìyà hàn wá lára àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ọgbọ́n ọkùnrin yìí, tí ó pọ̀ púpọ̀, lè gbà á lọ́wọ́ ohun tí ó ṣe. Màkẹ́tà kọ́ ni ó dá ìbéèrè yẹn sílẹ̀, inú ìtàn náà ni ó ti wá.

Nínú gbogbo fíìmù àtẹ̀lé tí mo mọ̀, Agogo Èèwọ̀, tí ó tẹ̀ lé Ṣaworoidẹ, ni mo fi ń díwọ̀n àwọn yòókù, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ní ìlú Jogbo, Lápìtẹ́ gun orí oyè láìjẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo ètùtù tí ó yẹ fún un, nítorí pé ọba tí ó bá ṣe é kò ní lè kó owó ìlú jẹ. Àwọn agégẹdú ń kó igi lọ, ọba ń gba owó, àwọn ìjòyè ń bá a pín in. Lágáta, ọmọ ogun tí wọ́n ní kí ó wá gba ọba sílẹ̀, gba adé fún ara rẹ̀, ìlù ṣaworoidẹ sì pa á. Nígbà tí fíìmù náà parí, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù.

Ohun tí ó ṣẹ́kù ni àwọn ìjòyè. Àwọn tí wọ́n bá Lápìtẹ́ jẹun, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Lágáta lọ́jọ́ tí ó gba adé, ṣì jókòó sí ipò wọn nígbà tí ìlù dákẹ́. A kò fiyè sí wọn, nítorí pé olórí olè àti olórí ológun ni ojú wa wà lára wọn. Agogo Èèwọ̀, tí ó jáde ní 2002, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Adébọ́sípọ̀, tí Déjùmọ̀ Lewis ṣe, di ọba Jogbo, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ ṣe rere, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè àná ni ó bá nílẹ̀, wọn kò sì ní i lọ́kàn láti yí padà. Ní ọdún kẹta tí alágbádá ti ń ṣe ìjọba ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sí ará Èkó tí ó nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìtàn náà fún un. Ìbúra àti agogo ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn, ìyẹn sì ni ibi tí èmi kò ti gbà pẹ̀lú fíìmù náà pátápátá, nítorí pé ó rọrùn jù kí òrìṣà bá wa ṣe ohun tí òfin kò lè ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo Ṣaworoidẹ padà lẹ́yìn Agogo Èèwọ̀ yóò rí àwọn ìjòyè náà ní ibi tí kò rí wọn sí tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀yìn ọba, tí wọ́n ń mi orí sí gbogbo ohun tí ọba bá sọ. Fíìmù kejì ni ó fi wọ́n hàn mí nínú èkíní.

Irú èyí náà ni mo rí nínú Living in Bondage: Breaking Free, tí Ramsey Nouah darí ní 2019. Ti àkọ́kọ́, tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992, jẹ́ fíìmù èdè Ígbò, ṣùgbọ́n kò sí ilé Yorùbá tí fídíò wà ní Èkó nígbà náà tí kò mọ ìtàn Andy Okeke tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe òògùn owó. Merit, ìyàwó náà, ń fara hàn án, ó ń gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ó fi ya wèrè, tí ó sì rí ìgbàlà. Mo ti kéré jù láti bèèrè nígbà náà, ṣùgbọ́n ìgbàlà yẹn kò san gbèsè kankan: Merit ṣì wà nínú ilẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé Nnamdi wá, ọmọ tí Andy bí tí ẹlòmíràn tọ́ dàgbà, tí owó ń dán lójú òun náà, wọ́n sì fi baba rẹ̀ hàn wá gẹ́gẹ́ bí oníwàásù. Ọmọ tí ó fẹ́ gba ọ̀nà tí baba rẹ̀ gbà, láìmọ̀ pé ọ̀nà baba òun ni: ìtàn tí fíìmù àkọ́kọ́ bí nìyẹn, kì í ṣe èyí tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tí ó ta yọ jù ní AMVCA, ètò àmì-ẹ̀yẹ Africa Magic, ọdún 2020, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti mọ́tò olówó ńláńlá gba àyè ju bí ó ti yẹ lọ nínú rẹ̀.

Bóyá àṣeyọrí yẹn ni ó kó bá wa. Charles Okpaleke, tí ó gbé fíìmù náà jáde, ti ra ẹ̀tọ́ sí orúkọ oríṣiríṣi fíìmù àtijọ́, ní 2020 a sì rí Rattlesnake àti Nneka the Pretty Serpent, tí àwọn ti àkọ́kọ́ jáde láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ti Rattlesnake ṣe é wò. Ti Nneka kò dẹ́rù bà mí rárá, ìyẹn sì burú fún ìtàn obìnrin tí ẹ̀mí òkun wà lára rẹ̀, pàápàá lójú àwa tí a dàgbà sí etí ọ̀sà, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí kò yẹ kí a tẹ̀ lé lọ sí Bàbéèjì.

Glamour Girls ni ó wá dùn mí jù. Èyí tí ó jáde ní 1994 kò ní àwòrán tí ó dára, ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, àwọn mìíràn sì bú u pé ó ń tú àṣírí àwọn obìnrin tí ń fi ara wọn wá owó ní Èkó. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ọdún tí ọ̀wọ́n gógó dé bá gbogbo ilé ni, iṣẹ́ ìjọba kò tó jẹ, obìnrin tí ó kàwé ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń wa mọ́tò ńlá, ó sì ń bèèrè bí ó ṣe ṣe é. Liz Benson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ìdáhùn náà láìfi bò. Nínú èyí tí Bùnmi Àjàkáyé darí, tí ó dé orí Netflix ní oṣù Kẹfà 2022, ilé dára, aṣọ dára, Nse Ikpe-Etim mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin náà fi wà níbi tí ó wà. Ebi kò pa wọ́n, ìbínú kò mú wọn, kò sí ilé tí wọ́n ń sá kúrò nínú rẹ̀ tí a rí dáadáa. Nígbà tí ó yá, ìtàn náà yà bàrá sórí owó tí wọ́n jí àti àwọn tí ń lépa wọn, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n kọ ọ́ gan-an kò gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà tó gbọ́. Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti tán ní ìlú yìí. Ẹni tí ó bá ti Lekki kọjá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ̀ pé ìbéèrè ọdún 1994 ṣì wà láìdáhùn, owó ilé nìkan ni ó ti pọ̀ sí i. Wọ́n ní ìtàn tí ó ṣì gbóná lọ́wọ́, wọ́n wá ta á ní tútù.

Ti King of Boys kò rọrùn láti dá lẹ́jọ́, nítorí pé mo fẹ́ràn Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé kọjá ààlà, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ yẹn lè fọ́ ènìyàn lójú. Fíìmù tí Kẹ́mi Adétiba gbé jáde ní 2018 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, kò sì sú mi. Ẹniọlá Sàlámì, obìnrin tí àwọn jàǹdùkú Èkó ń wárí fún ní òru, tí àwọn olóṣèlú ń wá owó rẹ̀ ní ọ̀sán, pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì sá kúrò ní ìlú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 2021, ó padà dé lórí Netflix ní apá méje, ó sì ní òun fẹ́ di gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó. Ìdí wà fún ìpadàbọ̀ yìí, n kò jiyàn. Ẹni tí ó ti ń fi àwọn ẹlòmíràn jẹ gómìnà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ní kí wọ́n fi òun jẹ? Ìbéèrè ńlá ni, àwọn ìran tí ó wà láàárín òun àti ìyàwó gómìnà, níbi tí obìnrin méjì tí wọ́n mọ agbára ń fi ẹ̀rín bú ara wọn, wà lára ohun tí ó dára jù tí mo ti rí nínú fíìmù ilẹ̀ wa.

Ibi tí ó ti já mi kulẹ̀ ni Makanaki. Ọkùnrin tí a gbà pé ó ti kú ní fíìmù àkọ́kọ́ kàn padà wá, ó wà láàyè, ó sì fẹ́ gba ẹ̀san. Mo mọ̀ pé àwọn òǹwòran fẹ́ràn Reminisce nínú ipa náà, mo sì mọ̀ pé ariwo sọ nígbà tí ó yọ. Ṣùgbọ́n ikú tí a lè fagi lé nítorí pé òṣèré gbajúmọ̀ ti ba gbogbo ikú yòókù inú ìtàn náà jẹ́. Bí Makanaki bá lè jí, kí ni ó dé tí mo fi sunkún nígbà tí ọmọ Ẹniọlá kú? Bákan náà ni gígùn rẹ̀. Apá méje fún ìtàn tí ó tó apá mẹ́rin: mo rí ìran tí ẹnìkan ti sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, tí ó lọ ṣe é, tí ó tún padà wá ròyìn fún ẹlòmíràn pé òun ti ṣe é. Irú ohun kan náà ni mo bá nínú Aníkúlápó. Fíìmù Kúnlé Afọláyan ti 2022 jẹ́ àlọ́ tí ó pé: ẹyẹ Àkàlà, agbára àtijí òkú, ojúkòkòrò, ìparun. Àlọ́ tí ó ti pé kò ní ilẹ̀kùn tí a tún lè gbà wọlé, àfi kí a fọ́ ògiri, ìyẹn sì ni wọ́n ṣe ní 2024 nígbà tí wọ́n dá Sàró, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, padà. Mo wò ó tán, nítorí pé aṣọ àti èdè rẹ̀ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lónìí.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é? Owó ni, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a fi bú wọn. The Wedding Party ti 2016 pa owó tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà ní sinimá, apá kejì rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Dubai ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e náà pa iye tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbéyàwó kan, ní ọjọ́ kan, nínú gbọ̀ngàn kan, èyí tí gbogbo ará Èkó mọ̀ ní àmọ̀dunjú. Èkejì tú ká, ó di ìrìn-àjò afẹ́. Àpótí owó kò mọ ìyàtọ̀. Ọmọ Ghetto: The Saga, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé padà wá ní ọjọ́ Kérésìmesì 2020, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, pa owó tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù, ní ọdún tí àrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọlé. Jẹ́nífà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ṣì ń kún ilé sinimá ní 2024, ó sì kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tí ó bá yá owó láti ṣe fíìmù, tí ó mọ̀ pé sinimá kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, tí ó sì jẹ́ pé Èkó ni púpọ̀ nínú èyí tí ó wà kó jọ sí, kò ṣòro láti mọ ìdí tí yóò fi gbé orúkọ tí ìpolówó rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń sọ fún mi pé èmi nìkan ni mo ń ra ìtàn, àwọn ènìyàn yòókù ojú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń rà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ghetto kejì fi hàn pé ènìyàn lè ta ojú tí a mọ̀ kí ó sì tún ní nǹkan sọ: Ṣaléwà, tí wọ́n ń pè ní Lefty, tí ó ti rí ayé àwọn olówó, tí ó sì padà sí àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gẹ́tò, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé mo gba iye owó mi.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí a sọ di fíìmù yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìwé náà ti parí, kò sí ẹni tí ó ń retí apá kejì. Ohun tí ojú lè rí tí lẹ́tà kò lè gbé ni ó yẹ kí fíìmù wá fi kún un. Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1974, ti mú kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jiyàn fún ọdún púpọ̀ lórí ẹni tí ó yẹ kí Àjàní fẹ́ nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe é ní 1997, kò gbìyànjú láti jiyàn jù wá lọ. Ó fi ìgbà náà hàn wá: mọ́tò, orin, bí àwọn ọ̀dọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn ṣe ń wọṣọ. Kò pẹ́ tí àwọn aránṣọ fi ń rán bùbá alápá gbòòrò àti ìró tí kò kọjá orúnkún, tí wọ́n ń pè é ní olekú, títí wọ orí àwọn tí kò ka ìwé náà rí. Ìwé náà sọ pé àwọn ọmọbìnrin náà rẹwà. Fíìmù jẹ́ kí a mọ ìdí tí Àjàní kò fi lè yan ẹnì kan.

Ẹlẹ́ṣin Ọba, fíìmù tí wọ́n mú láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, ni mo fẹ́ràn jù kí ó yege, òun ni ó sì mú mi kọ gbogbo èyí. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ dá olókùn-ẹṣin dúró kí ó má bàa bá ọba tí ó wàjà lọ. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré ní 1964, ó pè é ní Ọba Wàjà, ìlù àti orin ni ó fi gbé e. Wọlé Ṣóyínká kọ ti rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1975, ó sun ìṣẹ̀lẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí àkókò ogun Hitler, ó sì kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ìtàn àṣà méjì tí ń jà. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àfonífojì tí ó wà láàárín alààyè àti òkú, àti ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo nígbà tí ó yẹ kí ó kọjá. Ẹ rí i pé Ṣóyínká kò tún Ládiípọ̀ ṣe. Ó rí ohun tí Ládiípọ̀ kò sọ.

Bíyì Bándélé, tí ó darí fíìmù náà, kú ní oṣù Kẹjọ 2022, kí wọ́n tó fi í hàn ní Toronto ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì dé orí Netflix ní oṣù Kọkànlá. Ìpinnu rẹ̀ láti dá ọ̀rọ̀ náà padà sí èdè Yorùbá jẹ́ ìpinnu akọni. Shaffy Bello gẹ́gẹ́ bí Ìyálọ́jà kò ní àbàwọ́n, ojú rẹ̀ nìkan tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọdúnladé Adékọ́lá sapá gan-an, ṣùgbọ́n bí ó ṣe yọjú, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, ni àwọn ọmọ ilé mi ti bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́ ni, síbẹ̀ ẹni tí ó yàn án yẹ kí ó ti ronú nípa rẹ̀.

Àléébù tí ó tóbi jù ni pé fíìmù náà bọ̀wọ̀ fún eré náà ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú eré, nígbà tí Ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ sínú ojúran, Olóhùn-iyọ̀ tí ń ki í ń pè é, ó ń bi í bóyá ó ṣì ń gbọ́ ohùn òun, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó sì ń mú wa rí i pé ọkùnrin yìí ti ń kúrò láàárín wa. Lórí ìtàgé, òkùnkùn àti ohùn tó. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tí ó ń jó ni ó rí, ó sì fi ọkùnrin tí ó ń jó hàn wá. Mo dúró de àwòrán kan tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, mi ò rí i. Àwọn ìran ilé ajẹ́lẹ̀ ni ó wá rọrùn jù láti wò, nítorí pé àga, ọtí àti aṣọ eégún tí òyìnbó wọ̀ jẹ́ ohun tí kámẹ́rà mọ̀ bí a ti ń mú. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà fi yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ìjà òyìnbó àti dúdú, ohun tí òǹkọ̀wé náà ní kí a má ṣe. Ẹni tí kò bá tíì ka eré náà yóò gbádùn fíìmù yìí. Ẹni tí ó ti kà á yóò máa gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Irú àṣìṣe yìí wà ní òkè òkun náà, kí a má rò pé tiwa nìkan ni. Disney tún The Lion King ti 1994 ṣe ní 2019, gbogbo irun ara kìnnìún hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú kìnnìún gidi kò lè fi ìbànújẹ́ hàn bí ojú kìnnìún tí a fi ọwọ́ yà.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí yóò fi àkókò rẹ̀ wò, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Kí ó wo Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ léra, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ó wo Breaking Free, kódà bí kò bá lè rí ti 1992. Kí ó wo apá mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ìpadàbọ̀ Ẹniọlá Sàlámì, kí ó sì máa fo àwọn yòókù wò títí dé ìkẹyìn. Glamour Girls ti 1994 ni kí ó wá, kí ó mú sùúrù fún ohùn rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin Ọba dára fún àwọn ọmọ tí wọ́n nílò láti gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan jókòó tì wọ́n, kí ó sì ti ka eré náà sílẹ̀. Ní ti èyí tí yóò jáde lóṣù Kejìlá yìí, tí pátákó rẹ̀ ti wà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn orúkọ, èmi yóò dúró di ìgbà tí yóò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.